Àpótí Tí Kì Í Pariwo

Elétíọfẹ ni àwọn èèyàn ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa yẹ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wò fún àwọn tó ń kọrin nínú yàrá ara wọn, kó sì kọ ohun tó bá rí sórí ayélujára. Bí waya kan bá ń kùn lábẹ́lẹ̀, á gbọ́. Bí firíìjì aládùúgbò bá tan, á gbọ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn, etí rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ èèyàn ni kì í wọ̀ ọ́ létí.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi àpótí tuntun ránṣẹ́ sí i. Kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ. Irin dúdú ni, ihò máìkì méjì wà níwájú rẹ̀, bọ́tìnnì ńlá kan tó ń gbé ohùn sókè wà lórí, waya kan ṣoṣo ló sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ṣe é ń fọ́nnu pé èèyàn lè gbé ohùn sókè dé òpin, kó má sì gbọ́ ariwo ṣíì-ṣíì kankan.

"Ẹnu dùn ún ròfọ́," ni Elétíọfẹ wí. Ohùn tó máa fi dán an wò ló ń wá, ìyá rẹ̀ sì kanlẹ̀kùn.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Orin kan wà tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, tó máa ń kọ bó ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe orin náà, kò sì sí ọmọ tó gbọ́ ọ tán rí, torí oorun ti máa ń gbé wọn lọ kó tó parí. Àbúrò Elétíọfẹ obìnrin ti lóyún, ó ku díẹ̀ kó bí. Ó pẹ́ tí ìyá ti ń bẹ Elétíọfẹ pé kó gba orin náà sílẹ̀ fún ọmọ tó ń bọ̀.

Ó pa fáànù, ó ti fèrèsé, ó sì gbé ohun ìgbọ́hùn bo etí rẹ̀ méjèèjì. Ó kọ́kọ́ ní kí ìyá dákẹ́, kó lè gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá náà sílẹ̀; ibẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ ẹ̀rọ tó ń pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní, "Ó yá, ẹ máa sọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá wá sí yín lẹ́nu, kí n fi wọn ohùn yín."

Ìyá gbá etí aṣọ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, mi ò tíì sọ fún àbúrò ẹ, kó má bàa dààmú nínú oyún. Kókó tó wà lọ́nà ọ̀fun mi yìí, dókítà ní àfi káwọn gé gògóńgò náà kúrò. Ọjọ́ Ajé yìí ni. Mi ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́, ká má tiẹ̀ wá sọ ti orin. Ẹ̀rù ń bà mí, bàbá mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó jẹ́ òní."

Iná kékeré tó ń tàn lára àpótí ni Elétíọfẹ ń wò. Ó gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń gba àárín eyín ìyá rẹ̀ jáde. Ó gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe gbẹ. Ó yí bọ́tìnnì díẹ̀, ó sì mi orí.

"Ó dáa gan-an," ló wí. "Ó mọ́ gaara. Ẹ máa kọrin."

Ìyá wò ó títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ orin.

Elétíọfẹ ní kó tún un kọ, ó sún mọ́ máìkì jù. Ó ní kó tún un kọ, ó jìnnà jù. Ọ̀fun ń ta ìyá, ṣùgbọ́n nígbà tó kẹ́yìn, ó kọ ọ́ dé òpin, ó fi ìlà tí ọmọ kankan ò gbọ́ rí ki ọmọ tí kò tíì rí ayé, ohùn rẹ̀ sì fọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé."

"Má jẹ́ kó sọnù o."

"Ẹ̀yin náà, Màmá! Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ìyá kò tíì dé ìta tí Elétíọfẹ fi tún un gbọ́. Ohùn tó fọ́ yìí, àwọn èèyàn á ní àpótí ló bà á jẹ́. "Ohùn arúgbó," ló wí, ló bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Màmá ṣáà wà níbẹ̀, ibo ni wọ́n ń lọ? Wọ́n á tún un kọ lọ́jọ́ mìíràn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló fi pa mọ́ sórí fóònù rẹ̀, torí àpótí náà ò parọ́: kò pariwo rárá. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí ayélujára, àwọn èèyàn sì yìn ín.

Ìgbà tí àbúrò rẹ̀ bímọ ló tó yọjú sílé rẹ̀. Ìyá wọn jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Ó la ẹnu láti kí Elétíọfẹ. Èémí lásán ló jáde.

"Kí ló ṣe Màmá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bí ẹni tí ò mọ̀," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Màmá kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé ẹ̀yin nìkan làwọn sọ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan orin náà. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń nawọ́ sí etí ọmọ."

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti jẹ́wọ́. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, kò lè jẹ́wọ́. Ó mú fóònù jáde, ó sì tẹ ohun kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀.

"Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ni, ọmọ mi?"

Ohùn ìyá ni. Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún. Ohùn Elétíọfẹ ló tẹ̀ lé e, ó le koko.

"Rárá o. Ẹ panu mọ́ ná, Màmá. Ẹ má tiẹ̀ mí sókè."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́, kò tiẹ̀ sí ṣíì-ṣíì. Ìyá ti gbé ọmọ sún mọ́ fóònù, ó gbé ìka sí ètè kí gbogbo wọn dákẹ́. Nígbà tó tán, ó na ọwọ́ sí Elétíọfẹ pé kó tẹ èyí tó kàn, èyí tí orin wà nínú rẹ̀.