Ìrìn Àjò Bàbá Lára Ilẹ̀kùn Kọ́bọ́ọ̀dù

Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá ṣì wà láyé, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Káfíńtà àdúgbò ṣì wà, tí ikọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bàbá fúnra rẹ̀ náà wà, ọkùnrin tó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ dáná nínú ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti fọ́, ọ̀rọ̀ sì ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó ń dun Ìyá nìyẹn. Ojú tó lọ ti lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá tó jẹ́ pé bó bá fẹnu lé ìtàn èbúté kan, ọbẹ̀ á jóná lórí iná, òun ló wá di ẹni tí í dáhùn "hẹn" àti "rárá" láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá ń wá ohun tó máa dá ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu.

Ló bá fa àpótí ọkọ rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ohun tó kó bọ̀ láti ìrìn àjò ló wà níbẹ̀: ìkarahun òkun, páálí ìṣáná, bọ́tìnnì idẹ, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, ègé okùn ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan tó gbàgbé láti dá padà. Ìyá gbé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ti já sórí tábìlì, ó kùn ún ní búlúù bí òkun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gúlúù lẹ wọ́n mọ́ ọn, ìwé nísàlẹ̀, ohun tó wúwo lórí rẹ̀. Èyí tí gúlúù kò bá gbà, ó fi wáyà dè é.

"Ìyàwó, ṣé pàǹtírí lo fẹ́ gbé kọ́ ògiri báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, pàǹtírí tí àbúrò yín kó jọ ni. Ẹ bá mi di okùn yìí mú."

"Bí ọwọ́ mi bá lẹ̀ mọ́ ọn, wàá gbé èmi náà kọ́ ògiri nìyẹn!" Síbẹ̀, ó dì í mú.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Káfíńtà ní eruku á bà á jẹ́. Ó fi gíláàsì bò ó, ó dán gbinrin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìn ín, wọ́n sì fa Bàbá lọ́wọ́ débẹ̀.

"Bàbá wọn, gbogbo ibi tẹ́ ẹ dé rèé."

Bàbá nawọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rìn lọ, ó rìn bọ̀, kò bá nǹkan kan pàdé àfi òtútù. Ó yíjú sí wọn.

"Fèrèsé lẹ rà fún mi ni?"

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Àwa tá a lójú la wá fọ́jú! Káfíńtà, yọ gíláàsì ẹ kúrò níbẹ̀ kí n tó yọ ìwọ náà dànù!"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ilé ti gbàgbé. Wọ́n yọ gíláàsì. Ìka rẹ̀ bọ́ sórí okùn, ó sì dúró.

"Ìyá wọn! Ọjọ́ tí ìjì fẹ́ gbé ìkòkò ọbẹ̀ mi lọ ni mo gé okùn yìí. Ọ̀gá ń pariwo pé ká di ọkọ̀ mú, èmi ń pariwo pé ká di ọbẹ̀ mú!"

Ìyá fìdí kalẹ̀ síbi tó wà, ó ń dúpẹ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ìsinmi tán fún etí. Bọ́tìnnì idẹ nìkan ni Bàbá gbàgbé ibi tó ti rí i, nítorí náà ojoojúmọ́ ló ń bí ìtàn tuntun fún un. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni. Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó pa á. Èmi ń gbádùn ẹ̀."

Ọ̀sán gangan ni Bàbá kú. Ó ń sọ fún ọmọbìnrin wọn tó wá kí wọn nípa èbúté kan tí òjò ti ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn, tí àwọn ẹyẹ funfun bà sórí ọkọ̀. Ó ní, "Mo wá bọ́ síta, mo sì rí..." Ó dákẹ́. Ìyá rò pé ó ń wá ọ̀rọ̀ ni, ó dúró dè é. Nígbà tó pẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ ṣeun, Bàbá wọn," ló ní. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́ débí."