Igi Irú Ẹ̀yìn Dúpílẹ́ẹ̀sì

Ẹ jẹ́ kí n polówó rẹ̀ fún yín bí mo ṣe polówó rẹ̀ fún ogún ènìyàn ṣáájú yín. Dúpílẹ́ẹ̀sì kan rèé ní Ṣakí: yàrá mẹ́rin lókè, pálọ̀ méjì nísàlẹ̀, ọgbà gbàgede lẹ́yìn ilé, kànga tí kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Òrùlé rẹ̀ kò jò. Onílé kì í bá aládùúgbò jà. Irọ́ ni èyí tó gbẹ̀yìn yẹn.

Ọdún méjì ni mo fi ta ilé yìí. Bàtà mẹ́ta ló gbó mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́kadà ìkóríta kì í béèrè àlàáfíà mi mọ́. "Débọ́lá, ṣé ó ti tà?" Màá ní ó kù díẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti kù díẹ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé ló nilé, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, igbó ni gbogbo ibẹ̀, àparò ló ń jí wọn láàárọ̀. Ní báyìí, ilé epo wà lọ́tùn-ún, ilé iṣẹ́ píọ̀wọ́tà wà lósì, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níwájú, àwọn ọmọ náà sì ń sá ṣòkòtò sórí ògiri Bàbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo ni Bàbá ń sá fún. Eékún ni. Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ló lọ sókè, ó sì ti lé lọ́dún kan tí Bàbá ti fojú kan bẹ́ẹ̀dì wọn gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀dì wà lókè, olówó rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lórí àga pálọ̀, ọrùn sì ń dùn wọ́n. Wọ́n ti rí ilé pẹlẹbẹ kan, yàrá méjì, ní Ògbóòrò, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ní òun ò ní dúró kọjá ìgbà iṣu tuntun.

Wọ́n á ní, "Débọ́lá, ibi tí bẹ́ẹ̀dì mi bá wà ni mo fẹ́ kú sí."

Ìyá Misturat, aládùúgbò Bàbá, ni kò jẹ́ kó tà. Bàbá tó bí i ló ta ilẹ̀ náà fún Bàbá Kẹ́hìndé, igi irú ńlá kan sì wà lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹni tó ra ilẹ̀ kò tíì ra igi, àfi tí wọ́n bá dárúkọ igi. Wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé ilẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: "Àyàfi igi irú kan, tí í ṣe ti Àdìjátù ọmọ mi." Àdìjátù yẹn ni Ìyá Misturat. Bàbá tó fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, wọn ò ka ìlà tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ọdún karùndínlógójì rèé tí Ìyá Misturat ti ń gba géètì kékeré ẹ̀yìn wọlé, òun àti ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n de ìkọ́ irin mọ́ lórí, láti wá ká irú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá pè é lẹ́jọ́ láàfin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ìjòyè ka ìlà tó gbẹ̀yìn fún Bàbá.

Tí mo bá ti mú ènìyàn wá wo ilé, yálà igi so tàbí kò so, Ìyá Misturat á yọ tòun tọ̀pá. Alhaji Ismaheel wá láti Kíṣí, ó fẹ́ gé igi náà, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá síbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," Ìyá Misturat wí. "Ẹ wò ó dáadáa, ilé tó dára ni. Ilé ni wọ́n ń tà. Wọn ò ta igi."

"Ìyá, èló ni igi?"

"Alhaji, èló ni ìyá yín?"

Alhaji wọ mọ́tò, ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì Ayọ̀bámi dé, ó ń padà bọ̀ láti Ìbàdàn wá ṣiṣẹ́ nílé. Ọjọ́ ọjà ni mo mú un wá, kí Ìyá Misturat má baà sí nílé. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní òun á wá fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ Sátidé.

Mo ní, "Bàbá, ẹ dìde. A fẹ́ lọ bẹ Ìyá Misturat kó fi igi náà sílẹ̀."

Ẹ̀yìn ògiri báyìí ni ilé rẹ̀ wà, Bàbá ò sì débẹ̀ rí. A rìn ín títí, èmi rò pé a ti ń sún mọ́ Ìgbòho. Orí ẹní la bá obìnrin náà.

"Ẹ kú ilé, Ìyá Misturat."

"Bàbá Kẹ́hìndé. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Eékún ló ń dùn mí." Bàbá jókòó, wọ́n sọ ti àtẹ̀gùn, wọ́n sọ ti bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò bẹ̀bẹ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n kọjá ẹ̀bẹ̀.

Ìyá Misturat fi ọwọ́ òsì ra èjìká ọ̀tún rẹ̀. "Láti ààwẹ̀ èṣí ni apá ọ̀tún mi kò ti gbé sókè mọ́," ó wí. "N ò ká èso kan ṣoṣo lọ́dún yìí."

"Ọ̀pá tí ẹ máa ń gbé wá ńkọ́, mà?" mo bi í.

"Kí wọ́n má baà rò pé mo ti kú ni." Ó fi ọwọ́ òsì na ọ̀pá sí Bàbá. "Misturat wà ní Ìlọrin, inú ọ̀rá ló ti ń ra irú. Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ gbà. Mo fún yín ní igi náà. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá gba ọ̀pá náà. Ọ̀pá irú ni wọ́n fi tilẹ̀ délé. Wọ́n gbàgbé ọ̀pá ìtilẹ̀ tiwọn síbẹ̀.

Ní Sátidé, Ayọ̀bámi dé tòun ti bírò. Bàbá ní kí n ka ìwé sókè. Mo kà á.

"Tún ìlà tó gbẹ̀yìn kà."

"'Pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà.'"

"Pa á rẹ́. Kọ ọ́ pé, àyàfi igi irú kan."

Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ni igi tẹ́lẹ̀ ni. Ó ti di tiyín báyìí."

"Nígbà tí kì í ṣe tèmi, ǹ bá tà á láàárọ̀ ọjọ́ kan," Bàbá wí. "Ó ti wá di tèmi. Ilé ni mo ń tà. N ò ta igi."

Ohùn Ìyá Misturat gan-an ni. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Mo rántí bàtà mẹ́ta. Mo rántí ilé pẹlẹbẹ Ògbóòrò tó fẹ́ lọ báyìí.

Ayọ̀bámi wo igi láti ojú fèrèsé, ó wo Bàbá. "Bàbá, ta ni yóò máa ti Ògbóòrò wá ká a?"

"Èmi ni."

"Pẹ̀lú eékún yẹn?"

Bàbá yí ọrùn tó ń dùn wọ́n, wọ́n wò mí. Ayọ̀bámi náà wò mí.

"Kó máa wá nígbà tí mo bá wà nílé," ó wí. "Kí ẹ sì máa fi tèmi sílẹ̀ nínú irú náà. Bíi yanrìn ni èyí tí mò ń jẹ ní Ìbàdàn." Ó fọwọ́ sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún. Bàbá fọwọ́ kan ìrọ̀rí rẹ̀ bí ẹni tó ń kí ará tó ti ìrìn àjò dé.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, orí igi irú ni mo wà, èmi alágbàtà ilé. Bàbá jókòó sídìí igi lápá kan, Ìyá Misturat jókòó lápá kejì, torí òun ni yóò se irú náà fún gbogbo wa.

"Ẹ̀ka ọ̀tún, Débọ́lá."

"Òsì ni. Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ ò ríran."

"Ta ló nigi?"

Èèrà ń jẹ mí lápá. Kí n lè sinmi díẹ̀, mo bi Bàbá láti òkè bóyá wọ́n ń gbádùn bẹ́ẹ̀dì wọn ní Ògbóòrò.

"Ó ti rọ̀ jù," Bàbá wí. "Orí àga ni mò ń sùn."