Láfún Àlàkẹ́ Lórí Pápá Ọkọ̀ Òfúrufú

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da ọ̀dà sí pápá ọkọ̀ òfúrufú tó wà lẹ́yìn Ilora, láfún nìkan ni ilẹ̀ náà ń rí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó gbóná báyẹn, kí ni kéèyàn fi ṣe bí kò bá sá láfún sí i? Oníkálukú ti mọ ibi tirẹ̀. Ti Àlàkẹ́, arúgbó tí kì í sinmi, ló gùn jù. Ẹ̀gẹ́ oko ọdún kan gbáko ló sá síbẹ̀.

Nígbà tí Sìrájù tó ń ṣọ́ pápá kìlọ̀ pé irú ọkọ̀ kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, àwọn yòókù kó tiwọn. Ẹ̀rín ni Àlàkẹ́ ń rín.

"Sìrájù, ọdún mẹ́rin lẹ ti ń sọ ọ́. Bó bá dé, kó wá bá mi yí láfún."

Haà, ó mà dé o! Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ariwo kan gba ọ̀nà Fìdítì bọ̀. Àṣé ọkọ̀ òfúrufú lè kéré tó báyìí! Bí ọ̀kadà tó wọ agbádá ló rí: táyà mẹ́ta, ìjókòó gbangba, ẹnì kan ṣoṣo lórí rẹ̀, apá ọkọ̀ náà nà tàntàn, oòrùn ń là á kọjá. Orí Àlàkẹ́ wú. Ó la ẹnu sílẹ̀, kò rántí pa á dé.

Ọkọ̀ náà yí po lẹ́ẹ̀mejì lókè láfún. Lójijì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́.

"Ẹ́ńjìnnì ti kú! Ó ń já bọ̀!" Sìrájù ké.

Yéè, ọmọ ọlọ́mọ! Láfún mi ló dí i lọ́nà! Àlàkẹ́ ò ro nǹkan mìíràn mọ́. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ láfún, ó ń gbá a, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ sínú kòtò ẹlẹ́rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ pápá. "Ọlọ́run, gbà á fún ìyá rẹ̀!" Oko ọdún kan, ó dà á nù bí ẹni da omi ìṣanwọ́.

Sìrájù fà á sí ẹ̀gbẹ́. Òjìji kan gba orí wọn kọjá láìpariwo, ọkọ̀ náà balẹ̀ wẹ́rẹ́ níwájú, ó yí díẹ̀, ó dúró.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ló sọ̀ kalẹ̀. Ó sáré wá kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Olúwatóyọ̀sí lorúkọ mi, ọmọ Fìdítì ni mí. Mo rí láfún yín láti òkè. Ọkọ̀ yìí fúyẹ́, ó lè balẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo pa á, kí atẹ́gùn rẹ̀ má baà fẹ́ láfún yín dànù bí mo ṣe ń gba orí rẹ̀ kọjá. Láfún ni ìyá mi fi tọ́ mi."

Àlàkẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó funfun báláú. Ẹ̀rín pa á, ẹkún tẹ̀ lé e. Ó rìn lọ fọwọ́ kan apá ọkọ̀ náà. Aṣọ ni, aṣọ lásán!

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Mo ti gbá láfún náà dànù, kí o lè rí ilẹ̀ sọ̀ sí."

Olúwatóyọ̀sí yíjú sí kòtò, ó rí i. Kò lè dìde.