Ẹyin Inú Àpọ́nlé

Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín. Lánàá, bí mo ṣe jẹun ọ̀sán tán tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo lá àlá kan. Ẹ ṣáà mọ Àpọ́nlé, àgùntàn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Àgbò ti gùn ún títí, kò lóyún. Dèjì ọmọ mi ní kí n tà á fún alápatà. Mo ní láéláé, àfi tí mo bá tún rí ọmọ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Irú àgùntàn ìyá mi kò ní parun lójú mi!

Lójú àlá, mo di ìrù Àpọ́nlé mú, ó fà mí dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín ọmọ fún ẹran. Ọ́fíìsì náà kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó ń léfòó lórí oko kòkó wa. Mo ní, "Ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, orúnkún ń dùn mí." Ó sọ̀kalẹ̀. Mo dúpẹ́, a wọlé.

Ọ̀gá ibẹ̀ dé fìlà gogoro. "Màmá, ṣé àgùntàn yìí kò tíì darúgbó?"

"Rárá o, sà. Ọmọge ni."

Àpọ́nlé wúkọ́. "Sẹ̀gilọlá, má purọ́ nítorí mi. Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi?"

Kò yà mí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa ń jà nílé.

Ni ọ̀gá bá ní kí wọ́n pe àwọn ẹyin inú Àpọ́nlé, àwọn tí ọmọ ń tinú wọn wá. Wọ́n yí gbirigbiri jáde, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ẹ rò pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá wa? Inú ìyá rẹ̀ ni Àpọ́nlé wà tí wọ́n ti dá gbogbo wa. Bó ṣe ń dàgbà là ń dàgbà. Àwọn tó lágbára nínú wa ti lọ di ọmọ. Àwa tó kù, ẹrù ìdílé tí a gbé, ìyẹn àbùdá tí ọmọ ń jogún, a ò lè pín in dọ́gba mọ́. Bí àgbò bá tiẹ̀ gùn ún, oyún kì í dúró."

Inú bí mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọmọ kan péré ni mo wá gbà. Mi ò lọ!"

Ọ̀gá ní òun á bá ìgbìmọ̀ òun sọ ọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti di òbúkọ, wọ́n ń jẹ fìlà ara wọn. Mo ní, "Ẹ jẹun tán, mò ń dúró dè yín."

"Mée," ni ọ̀gá wí.

"Mée kọ́ ni ìdáhùn, sà."

Ẹyin yẹn bú sẹ́rìn-ín. "Orí kunkun yín dáa, ibi tí kò yẹ lẹ gbé e lọ. Ẹgbẹ́ wa tó di ọmọ, tí ẹ fún Ìyá Mosún sìn ńkọ́? Àbí ìyẹn kì í ṣe irú àgùntàn ìyá yín?"

Háà! Òótọ́ ni. Ẹ mọ̀ bí a ṣe máa ń fún ara wa lẹ́ran sìn: ọmọ àkọ́kọ́ á padà sọ́dọ̀ ẹni tó lẹ́ran, èkejì á jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ Àpọ́nlé tó wà lọ́dọ̀ Ìyá Mosún ti bí àkọ́bí rẹ̀, abo ni. N kò tiẹ̀ lọ wò ó, Àpọ́nlé tèmi ni mo gbájú mọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lóde, ara rẹ̀ le, ẹyin inú rẹ̀ le, èmi wá ń bá òbúkọ fa ọ̀rọ̀.

Mo tají. Àpọ́nlé ti ki orí bọ ojú fèrèsé, ó ń jẹ gèlè tí mo sá síbẹ̀, ó ń wò mí. Mo fa ìyókù yọ lẹ́nu rẹ̀.

Dèjì, lọ sọ fún alápatà kó má wulẹ̀ wá. Àgbà yìí ti ṣe tirẹ̀, ilé mi ni yóò ti jẹko dọ́jọ́ ikú. Ẹ sì bá mi wá okùn. Èyí tó kù nínú gèlè yìí ni mo máa wé lọ sọ́dọ̀ Ìyá Mosún.