A Ò Tíì Tọrọ Ilẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi o, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe tèmi ṣùgbọ́n tí ẹ ti jókòó sórí ẹní mi. Ẹ sún mọ́ ọn kí orúnkún kan orúnkún. Mo ti fi púpọ̀ nínú ohùn mi kọrin, ẹni tó bá jìnnà kò ní gbọ́ èyí tó ṣẹ́ kù. Orin wà nínú ìtàn yìí, iṣu díndín náà wà níbẹ̀.

Lọ́dún 1996, Àwáù ọmọ mi ní kí n wá sí Torino ní ilẹ̀ Ítálì, kí n wá bá òun mójú tó Qaanitah ọmọ òun. Òun ń tọ́jú ìyá arúgbó kan ní Asti, ọkọ̀ ojú irin ló máa ń wọ̀ lọ láàárọ̀. Hàmídù ọkọ rẹ̀ wà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn mọ́tò. Èmi tí n kò kàwé kọjá kíláàsì kejì, èmi ni mo wá di ẹni tó ń mú ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi nílùú òyìnbó. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Qaanitah, Àjọkẹ́ ni oríkì tí mo fi máa ń pè é. Mo máa ń bá a sọ Yorùbá, á fi èdè Ítálì dá mi lóhùn, èyí tí n kò bá gbọ́, á fọwọ́ júwe rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó yàwòrán wálé: odò, igi, àti àwọn èèyàn tí kò wọ bàtà. Ó ní maestra wọn, ìyẹn tíṣà, ti sọ fún àwọn nípa àwọn tó ni igbó ńlá kan lókè òkun. Wọ́n máa ń kí odò kí wọ́n tó pọn ọ́n. Wọ́n mọ orúkọ igi bí wọ́n ṣe mọ orúkọ àbúrò wọn. Ni àwọn àlejò bá fi ọkọ̀ ojú omi dé, wọ́n gé igi, wọ́n ṣe ọgbà yí ilẹ̀ ká, wọn ò bi ẹnikẹ́ni.

"Nonna," bó ṣe ń pe èmi ìyá ìyá rẹ̀ nìyẹn, "ṣé irú wọn wà nílé yín?"

"Nílé wa, àbí kì í ṣe ilé tìẹ ni? Àjọkẹ́, jókòó."

Mo sọ fún un bí bàbá mi ṣe dé abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn onílẹ̀, wọ́n fún un níbi tó máa ro. Bó bá ti kórè, á kọ́kọ́ gbé iṣu lọ fún wọn. Ìsákọ́lẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ebi ń pa onílẹ̀, kí ọkàn má baà gbàgbé ẹni tó fún un ni. Ó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n igi? Láéláé, àfi bó bá tọrọ. Igi máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó gbìn ín ti lọ. Àlejò tó bá gbin igi láì tọrọ, ó ti sọ ilẹ̀ di tirẹ̀ nìyẹn.

Mo wá kọ́ ọ lórin:

*Onílẹ̀ o, àlejò dé,*
*Mo bẹ̀ yín o, mo kúnlẹ̀.*
*Àgbàdo ni mo bá gbìn, ma jẹ, ma lọ,*
*Igi ni mo bá gbìn, igi á dúró.*
*Ṣé kí n gbìn ín?*

Ègbè rẹ̀ ni "Gbìn ín o, gbìn ín." Ó kọ ọ́ títí Hàmídù fi ní kí á jẹ́ kí òun sùn.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà parí ni wọ́n pe àwa ará ilé wá síléèwé. Àwọn ọmọ fẹ́ gbin igi ápù kéékèèké sí ẹ̀yìn kíláàsì. Àwáù tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, ó wé gèlè. Olúkúlùkù ọmọ ń gbin tirẹ̀, à ń pàtẹ́wọ́. Ó kan Qaanitah. Ó gbá ike igi rẹ̀ mọ́ àyà, kò bẹ̀rẹ̀.

"Non si può," ló wí, ìyẹn ni pé kò ṣeé ṣe. "A ò tíì tọrọ."

"Lọ́wọ́ ta ni, tesoro, ìṣúra mi?" ni Maestra Ornella bi í.

"Lọ́wọ́ onílẹ̀."

"Comune ló ni ín, ìjọba ìlú."

"Ibo ni Comune ń gbé? Ṣé ó níyàwó?"

Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín o. Ọmọbìnrin kan, Chiara, wo igi tirẹ̀, ó fà á tu. Èkejì fa tirẹ̀ tu. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo igi ti wà lókè, gbòǹgbò wọn wà nínú oòrùn.

"Màámi!" Àwáù fún mi lápá pọ̀. "Ẹ wo nǹkan tí ẹ fi kọ́ ọmọ mi! Wọ́n á ní a ò tọ́ ọ!"

"Ṣé irọ́ ni mo kọ́ ọ?"

"Torino la wà, Màámi, kì í ṣe Ìsẹ́yìn!"

"Torino ò wá sí lórí ilẹ̀ ni?"

Ó pòṣé. Maestra rọra dá àwọn igi padà sínú ike. Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè àwọn máa gbìn ín, ọmọ tí kò bá fẹ́ lè dúró sínú ilé.

Nínú tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, Qaanitah kò wo fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe.

"Nonna, ṣé àwa ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi yẹn?"

"Ọkọ̀ òfúrufú ni mo wọ̀ wá ní tèmi."

Kò rẹ́rìn-ín. Omi ti lé sí i lójú. "Ibí ni wọ́n bí mi sí. Bí a ò bá rí onílẹ̀, mi ò ní gbin nǹkan kan láé. Mi ò ní lọ síbẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ yìí ló ń rìn lórí rẹ̀ bí olè yìí! Mo ti kọ́ ọ pé kó tọrọ, n kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá onílẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ ra iṣu kan tó sanra ní ọjà Porta Palazzo, lọ́dọ̀ obìnrin ará Gánà. Mọ́ńdè, mo gbé e dé iléèwé. Mo ní kí Qaanitah bá mi bi obìnrin tó ń gbálẹ̀ pé ta ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wà ládùúgbò náà kí ilé tó dé.

Ó fi ìgbálẹ̀ júwe. "Signor Secondo. Ẹ̀yìn ògiri yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn adìyẹ."

Maestra wo iṣu, ó wo ọmọ, ó wò mí. "Gbogbo wa la máa lọ," ló wí.

A tò lọ, àwọn ọmọ di okùn mú, kálukú gbé igi rẹ̀. Bàbá arúgbó kan yọrí lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe rí mi pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, ó pariwo: "N kò ra nǹkan kan!"

"A ò tajà!" Qaanitah náà pariwo. Ó kúnlẹ̀ bí mo ṣe kúnlẹ̀. "A wá tọrọ ilẹ̀. A fẹ́ gbin igi. Iṣu yín rèé."

Bàbá wo iṣu. Ó ṣí fìlà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Maestra gbọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Qaanitah sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀. Bàbá ní orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n bí òun sí. Bàbá òun gbin àlìkámà síbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n la ọ̀nà, kò sẹ́ni tó béèrè rí. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọmọ yìí.

"Kí ni mo máa wá ṣe?" ló bi í.

Mo gba ẹnu Qaanitah dá a lóhùn pé, "Ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹ sì sọ orúkọ ilẹ̀ náà fún wa."

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Prato dell'Allodola." Ìyẹn ni pápá Allodola. Ó ní ẹyẹ kan ni Allodola, tó máa ń kọrin bó ṣe ń fò lọ sókè, pé ó pọ̀ níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ pariwo orúkọ náà títí àwọn adìyẹ fi sá.

Mo bá gbé orin sókè. Nígbà tí mo kọ "Ṣé kí n gbìn ín?", Qaanitah kọ́ bàbá ní ègbè rẹ̀, ó ní kó gbè é. Bàbá fi ohùn tó há gbè é, "Gbìn ín o, gbìn ín," a sì jọ padà sí ẹ̀yìn kíláàsì. Bàbá ló gbẹ́ ihò àkọ́kọ́. Qaanitah bẹ̀rẹ̀, ó ki igi rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fọwọ́ méjèèjì tẹ erùpẹ̀ mọ́ ọn. Ó jókòó tì í sórí ilẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ bí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀.

Mo dín iṣu nínú kíṣíìnì iléèwé. Bàbá mú ẹyin wá, obìnrin tó ń gbálẹ̀ mú búrẹ́dì. Àwáù dé láti Asti, ó bá wa níbẹ̀, ó jẹun tán kó tó rántí pé òun ń bínú sí mi.

Bàbá Secondo fi orí iṣu sí àpò. Ó ní òun fẹ́ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adìyẹ, ṣé òun gbọ́dọ̀ tọrọ lọ́wọ́ mi?

Qaanitah fi ọwọ́ tó kún fún epo lù ú léjìká. "Iṣu kì í ṣe igi! Ẹ kàn gbìn ín."

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ọmọ ń wá bàtà, ìyá ń wá ọmọ. Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, ikùn wọn kún, ẹnu wọn ń dán. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde wàyí. Iṣu wà nínú abọ́ níbẹ̀ yẹn. Ẹ mú un jẹ bí ẹ ṣe ń lọ.