Ṣáásì Tó Wọ́

Ọjọ́ tí ọkùnrin wẹ́dà kan ṣubú tòun ti ìyàwó rẹ̀ tó pọ̀n sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ mọ́tò wọ̀ ọ́ lára. Iwájú ilé ìwòsàn ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan, níṣojú gbogbo ayé. Ó ti pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kó gbé e dórí àga onítáyà ilé ìwòsàn, ni orúnkún rẹ̀ bá yẹ̀. Àwọn méjèèjì di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó kò fara pa, ẹ̀rín ló tilẹ̀ ń rín, ṣùgbọ́n ọkọ kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé kan ni. Ọdún mẹ́rin rèé tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin yìí, ọdún mẹ́rin tó ti ń pọ̀n ọ́n wọ mọ́tò, tó ń pọ̀n ọ́n sọ̀. Bọ́ọ̀sì kì í dúró dè wọ́n. Takisí tó bá sì dúró, inú rẹ̀ kì í gba àga onítáyà tí obìnrin náà ní nílé.

"Màá kan mọ́tò," ló wí nígbà tí wọ́n délé.

"Ẹ máa kan kí ni?"

"Mọ́tò. Èyí tí wàá máa yí àga rẹ wọ̀ láti ẹ̀yìn, bí ẹni ń wọ yàrá. Ọwọ́ ara mi ni màá fi jó irin ṣáásì rẹ̀ pọ̀."

Ṣáásì ni egungun mọ́tò, férémù irin tí ẹ́ńjìnnì, àga àti táyà ń gbára lé. Ilẹ̀kùn onírin àti wíńdò ni ọkùnrin yìí ti ń fi iná jó pọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Kò kan mọ́tò rí. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ló ṣèlérí ẹ́ńjìnnì àti táyà láti ara mọ́tò kékeré kan tí igi wó lù.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "tí ṣáásì yín bá ti gún, ìyókù dọwọ́ mi. Àmọ́ tí kò bá gún, ẹ má pè mí o. Mọ́tò tí ṣáásì rẹ̀ bá wọ́, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi rìn bí akàn."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Tí ọkọ bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ní aago márùn-ún, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí iná tó ń wò látàárọ̀, á mu omi, á jókòó sórí bíríkì, á máa wo àwọn irin náà bíi pé kí wọ́n dìde kí wọ́n máa lọ. Wọn ò ní lọ. Òun náà á bá dìde. Á gé, á fi fáìlì onírin fá ẹnu rẹ̀, á jó o pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ á yí àga rẹ̀ wá, á bá a di etí téèpù ìwọ̀n mú. Aránṣọ ni kí àìsàn tó dé. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé téèpù.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ní ọ̀sán Sátidé kan, férémù náà parí. Ọkọ fi òòlù kàn án níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún, ó dún gbọin gbọin. Ó fẹ́ yọ̀, àmọ́ àárẹ̀ kò jẹ́ kí ayọ̀ náà ráyè.

"Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n láti igun dé igun," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"A ti wọ̀n ọ́n."

"Kí ẹ tó jó o ni."

Wọ́n na téèpù láti igun ọ̀tún iwájú dé igun òsì ẹ̀yìn. Wọ́n tún na án láti igun òsì iwájú dé ọ̀tún ẹ̀yìn. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Ọ̀kan fi ìbú ìka méjì gùn ju èkejì lọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ìka méjì náà ò kúrò níbẹ̀.

Ó mọ ohun tó fà á. Kó lè tètè parí, ó ti jó ẹ̀gbẹ́ kan láti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, iná sì ti fa irin náà. Ilẹ̀kùn tó bá wọ́ díẹ̀, òòlù á bá a sọ̀rọ̀. Ṣáásì kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ òòlù.

"Ìka méjì," ó ní. "Ta ló máa mọ̀?"

"Táyà á mọ̀."

Ló bá sọ téèpù mọ́lẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ yìí nìkan. Gbogbo ẹ̀ ló rẹ̀ mí."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ ń rọra ká téèpù náà jọ.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ṣebí ẹ̀yìn yín ni mo máa ń wà. Ẹ rò pé n kì í gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí ni? Ó rẹ èmi náà. Ó ti rẹ̀ mí kí n máa jẹ́ ẹrù."

"Ta ló pè ọ́ lẹ́rù?"

"Ẹ lọ sùn, Bàbá wọn."

Ó lọ sùn, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú ibi tí wọ́n ti jó o.

"Ẹ wá wò ó," ló wí. "Tí mo bá ń rán kọ́ọ̀tù, n kì í fi ẹ̀rọ rán ẹ̀gbẹ́ kan parí kí n tó fọwọ́ kan èkejì, torí aṣọ á súnkì. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi máa ń so ó mọ́ra díẹ̀díẹ̀, níbí, lọ́hùn-ún. Màá wọ̀n ọ́n. Ìgbà yẹn ni màá tó rán an pa."

"Irin kì í ṣe aṣọ."

"Ṣé ó fà àbí kò fà?"

"Ó fà."

"Aṣọ ni, jàre."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkọ láìròtẹ́lẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin, ó sì gé e sí ojú ṣọ́ọ̀kì, ibi mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tún un ṣe. Obìnrin náà ló ń pe ibi tí iná máa kàn. "Ọ̀tún iwájú! Ó tó. Ẹ bọ́ sí òsì ẹ̀yìn. Ó tó, mo ní ó tó!" Lẹ́yìn náà, téèpù. Lọ́jọ́ mìíràn, ọkọ á dé láti ibi iṣẹ́, á ní, "Tòní kọ́," ìyàwó náà á ní, "Tòní kọ́," wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí mẹkáníìkì dé, téèpù tirẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dijú kan, ó fi ojú kejì yẹ̀ ẹ́ wò gbọọrọ.

"Ó gún, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló bá yín ṣe é?"

"Aránṣọ kan ni."

Ó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń gbé ẹ́ńjìnnì bọ̀."

Lẹ́yìn tó lọ, ọkọ ń ronú ohun tó ṣẹ́kù: bíréèkì, ọwọ́ ìdarí, ilẹ̀kùn, ìwé mọ́tò. Orí rẹ̀ wúwo.

"Ẹ tẹ́ pákó sórí ẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kí ẹ sì fi ọ̀kan dágẹ̀ẹ́rẹ́ láti ilẹ̀ gòkè."

Ó tẹ́ ẹ. Ó ń bọ̀ wá tì í lẹ́yìn, obìnrin náà fọwọ́ dá a dúró. Ó di táyà àga rẹ̀ mú, ó tì í, ó sinmi, ó tún tì í, títí ó fi gun orí ṣáásì náà fúnra rẹ̀. Ọkọ dúró nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀, kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe.

Nígbà tó yá, òun náà gòkè, ó jókòó ti táyà àga náà. Ó fẹ́ bi í bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kó tó la ẹnu, oorun ti gbé e lọ.