Àwòrán Inú Yàrá Ìsinmi

“Fọláránmi, ìwọ tó jẹ́ pé inú bàálù lò ń gbé,” Alhaji Sàláwù wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí i. “Bá mi wò ó. Ṣé o mọ ẹni tó ya àwòrán yìí?”

Fọláránmi gba fóònù náà. Kó tó gbé e súnmọ́ ojú ló ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Obìnrin kan ló jókòó sórí àga aláwọ tó ti ya, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ó dijú, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ló wọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Àwa ń sanwó, àwọn ń sùn. Ẹ wá wo yàrá ìsinmi àwọn èèyàn pàtàkì.”

Òun ló ya àwòrán náà. Òun náà ló kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀.

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà,” ló fèsì.

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó. Alhaji gba fóònù rẹ̀ padà, ó rọra gbé e sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bàbá náà ṣubú nínú balùwẹ̀. Ìròyìn yẹn ló gbé Fọláránmi wá láti Ọ̀kà, níbi tó ti wá kí ìyá rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, wá sí ilé yìí ní ọ̀nà Jùbílì nílùú Ìkàrẹ́. Ọdún márùn-ún gbáko ni Alhaji fi kọ́ ọ ní ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bí kò bá sí i, Fọláránmi kò ní di ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn káàkiri Nàìjíríà, òun náà sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

“Raliat ni, àbíkẹ́yìn mi,” Alhaji wí. “O ò lè dá a mọ̀, a ò tíì bí i nígbà tẹ́ ẹ fi jáde. Pápákọ̀ òfuurufú Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó. Ọdún mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀. Àwòrán yìí ni wọ́n fi lé e.”

“Kí ló ní ó ṣẹlẹ̀, sà?”

“Ó ní ó rẹ òun ni. Mo bi í pé ta ni kì í rẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró níwájú pátákó, mi ò sùn lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ní mọ́ṣáláṣí ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó fi hàn mí ò mọ̀ pé ọmọ mi ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, Fọláránmi. Mo mọ̀ pé Raliat ni, mo sì bá a rẹ́rìn-ín.”

Ojú ilẹ̀ ni Fọláránmi ń wò nígbà tí aṣọ ẹnu ọ̀nà sún, tí ọ̀dọ́bìnrin kan gbé omi wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi náà sílẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, sà.” Nígbà tó gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó wò ó bí ìgbà tí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló dìde, tó sì wọlé lọ.

Raliat ti dá a mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni Fọláránmi ń wọ bàálù láti Èkó lọ sí Àbújá. Òun àti àwọn bíi ogójì mìíràn tí ìrìn-àjò tiwọn náà pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wọ́sáàpù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kédàárò yàrá ìsinmi pápákọ̀ òfuurufú Èkó tí wọ́n ń sanwó ọdọọdún fún. Ẹnìkan á ní nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, mọ́ínmọ́ín gbígbóná ni wọ́n fi ń kí èèyàn káàbọ̀, bísíkíìtì gbígbẹ ló kù báyìí. Ẹlòmíràn á ní ariwo ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ pọ̀ ju ti bàálù lọ, òógùn ò sì yé bo òun. Àwọn kan ní awọ àga ń ha àwọn lẹ́sẹ̀, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ kò ṣeé wọ̀. Ọdún méjì ni iléeṣẹ́ tó ni yàrá náà ti ń ṣèlérí pé àwọn máa tún un ṣe. Wọ́n kọ lẹ́tà títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, àfi ìgbà tí Fọláránmi fi àwòrán yẹn sínú ẹgbẹ́ náà, táwọn èèyàn wá ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwòrán ti dé ibi tí kò lérò pé ó lè dé. Láàárín oṣù kan, wọ́n ti kun ògiri, wọ́n ti pààrọ̀ àga, mọ́ínmọ́ín ti padà dé. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá ló jẹ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pè é ní ọ̀gá wọn.

Nígbà tó ní òun fẹ́ máa lọ, Alhaji ní kí Raliat sin ín. Wọ́n rìn títí dé ìdí ọkọ̀.

“Ẹ̀yin lẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,” Raliat wí. “Ẹ bi mí ìdí tí omi ò fi sí nílé ìgbọ̀nsẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mo sọ fún yín pé ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́, pé ìsàlẹ̀ ni mo ti ń pọn ọ́n gun òkè. Ẹ tiẹ̀ kí mi. Ẹ ní, ‘O kú iṣẹ́.’”

Fọláránmi rántí. Ohun tó ń ká a lára jù nìyẹn, pé ó kí i.

“Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà ló wà lẹ́sẹ̀ mi,” obìnrin náà tún wí. “Mi ò rí wọn nínú àwòrán.”

“Mo gé e.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gé e?”

Ó mọ ìdí rẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì bá wà níbẹ̀, ẹni tó bá wo àwòrán á rí obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ títí tó rẹ̀ ẹ́, àánú rẹ̀ á sì ṣe é. Àánú kọ́ ni Fọláránmi ń wá lọ́jọ́ náà. Ìbínú ló ń wá.

“Mo dijú lóòótọ́, mi ò ní sẹ́,” Raliat wí. “Kò tó ìṣẹ́jú méjì.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún Bàbá pé èmi ni?”

“Inú wọn ń dùn pé ẹ wá, bọ̀dá. Láti àná ni wọ́n ti ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ń bọ̀.”

“Màá bá ọ wá iṣẹ́. Mo mọ àwọn èèyàn l’Ábùújá.”

“Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí iṣẹ́ mìíràn, Bàbá á ṣì máa rò pé wọ́n kọ́ mi, mi ò gbẹ̀kọ́.”

Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì yíjú padà sí ilé. Fọláránmi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọ̀nà Ọ̀kà kò jìn, ìyá rẹ̀ á ti gún iyán dè é. Bó bá wọkọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa pè é padà. Alhaji á máa gbàdúrà fún un lọ bó ṣe máa ń ṣe, Raliat ò sì ní sọ̀rọ̀. Pé kò ní sọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó lè jókòó sínú ọkọ̀. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì padà wọlé.

Alhaji ṣì wà níbi tó fi í sí. “O gbàgbé nǹkan ni?”

Fọláránmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Tíṣà, mo purọ́ fún yín. Èmi ni mo ya àwòrán yẹn. Mo gé omi tó ń pọ̀n kúrò níbẹ̀ kí n tó fi síta.”

Alhaji kò pariwo.

“Dìde. Kà á fún mi.”

“Kí ni, sà?”

“Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ojú mi ò ríran kà á, mi ò sì lè ní kí Raliat kà á.”

Fọláránmi dúró sáàárín yàrá, ó mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. “Ọ̀lẹ.” “Irú wọn ló ń ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́.” “Ẹ lé e dànù, ẹ gba ẹlòmíràn.” “Ẹ wo ẹnu rẹ̀.”

“Gbóhùn sókè,” Alhaji wí, bó ṣe máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì.

Ó gbóhùn sókè. Ó dé ibi tí agbẹjọ́rò kan nínú ẹgbẹ́ wọn, Mọ́júbọ́lá, ti kọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tó rẹ obìnrin náà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi dá a lóhùn ló tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ fò ó. Kò fò ó. “‘Agbẹjọ́rò, àbí àbúrò rẹ ni?’” Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ àwọn mọ́kàndínlógún tó bá a fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ó ka ìyẹn náà.

“Ó ti tán?”

“Ó ti tán, sà.”

“Kọ èyí tó jẹ́ òótọ́ wàyí. Kó o kà á sí wa létí kó tó lọ.”

Odindi àwòrán náà ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Ó mú un jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó kà á. “Èmi, Fọláránmi Ládélé, ni mo ya àwòrán tí ẹ ti rí. Mo gé e kí n lè fi ba iléeṣẹ́ tó ni yàrá náà lórúkọ jẹ́. Odindi rẹ̀ nìyí. Omi ti dá fún ọjọ́ méjì…”

“Mẹ́ta,” Raliat wí. Ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ̀gbà tó dé.

Fọláránmi tún un ṣe. “…fún ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin yìí fi orí ru kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà gun òkè…”

“Ìgbà kejì nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Méjìlá ni gbogbo rẹ̀.”

Ó kọ méjìlá. Alhaji ti yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé ó ti pẹ́ tó rí i kẹ́yìn.

“Méjìlá,” ó wí. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, “Ṣé kó kọ orúkọ rẹ sí i?”

Raliat rò ó díẹ̀. “Kí wọ́n kọ ọ́.”

“Kọ ọ́,” Alhaji wí fún Fọláránmi. “Raliat Sàláwù. Kọ ọ́ pé ọmọ mi ni. Kọ orúkọ tèmi náà, wọ́n mọ̀ mí ní Ìkàrẹ́.”

Fọláránmi kọ ọ́, ó sì fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wọn. Láìpẹ́ fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ọwọ́ rẹ̀. Kò wò ó. Orí ìdúró ló ṣì wà níbẹ̀, nítorí kò tíì sẹ́ni tó ní kó jókòó.